Bí A Ti Ń Sọ Ààrò Àtijọ́ Di Ààrò Ọlọ́nà-Èéfín Láìfi Ilé Sínú Ewu

Òwe àwọn àgbà ni pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé láti ìran dé ìran ni òkúta mẹ́ta, tàbí ìṣù amọ̀ mẹ́ta, ti ń gbé ìkòkò ró nínú ilé ìdáná àwọn àgbẹ̀, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ààrò mẹ́ta kò tilẹ̀ da ọbẹ̀ nù, ó ń da ooru nù, ó sì ń da èéfín sójú ẹni tí ń dáná. Iná rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níhà gbogbo. Afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìdí ìkòkò a gba díẹ̀ nínú ooru náà, èyí tí ó kù a bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìyá tí ó tẹríba fẹ́ iná ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láti ro ẹ̀kọ, tí ó sì pọn ọmọ sẹ́yìn, ni ó ń fa èéfín náà sínú, òun àti ọmọ rẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe omi ojú nìkan ni èéfín ń mú wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn tí ó tó 3,200,000 ni ó kú káàkiri ayé nítorí èéfín inú ilé, àti pé ó lé ní 237,000 nínú wọn tí í ṣe ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Òtútù àyà ni ó ń mú àwọn ọmọdé lọ. Àwọn àgbàlagbà a máa kó àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti ikọ́ tí kì í lọ. Ẹlòmíràn a sì rí i pé awọ funfun ń bo ẹyinjú òun díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé inú ilé ìdáná ni ó ti lo ogójì ọdún.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń fẹ́ sọ ààrò àtijọ́ di ààrò tí a fi amọ̀ bò yíká, tí ó ní ẹnu kan fún igi, ojú kan fún ìkòkò, àti ọ̀nà kan tí èéfín yóò gbà jáde sókè ilé. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n iná tí a bò yàtọ̀ sí iná tí ó wà ní gbangba. Nígbà tí iná wà láàárín òkúta mẹ́ta, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i, ooru rẹ̀ a sì ti tú ká kí ó tó dé òrùlé. Nígbà tí a bá bò ó, tí a sì fi páìpù irin darí rẹ̀ sókè, ooru náà kò tú ká mọ́. Inú páìpù ni ó ń bá lọ, ó sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi òrùlé gan-an, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò sí. Ewu tí ó wà lójú ìyá àti láyà ọmọ ti ṣí lọ sí orí ilé nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé e mọ̀ pé ọ̀nà èéfín gan-an ni iṣẹ́ náà. Ààrò fúnra rẹ̀ rọrùn. Kí ó wá ibi tí èéfín yóò gbà kọjá láìléwu ná, kí ó tó pò amọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè ti fi ojú ara wọn rí èyí. Ní Amẹ́ríkà, Benjamin Franklin ṣe ààrò irin kan fún yíyá iná nígbà òtútù, ó sì tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1744. Inú ààrò bíríkì ńlá tí ó ti wà lára ògiri ilé tẹ́lẹ̀ ni a ń gbé irin náà sí. Franklin fẹ́ kí èéfín fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kí ó tó jáde. Nítorí náà ó mú kí èéfín kọ́kọ́ gòkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn irin, kí ó gba ìsàlẹ̀, kí ó tó bọ́ sínú ọ̀nà èéfín. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n èéfín kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá tutù, èéfín a padà sínú yàrá. Àwọn tí ó ṣe irú ààrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mú ìsọ̀kalẹ̀ náà kúrò, wọ́n sì jẹ́ kí èéfín máa gòkè lọ tààrà.

Títí di òní, àwọn tí ń gbé ààrò irin sínú ààrò bíríkì àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ní ìṣòro mìíràn. Ọ̀nà èéfín àtijọ́ fẹ̀ jù. Èéfín ìwọ̀nba tí ó ti inú ààrò irin jáde a tàn ká nínú rẹ̀, a tutù, a sì di ohun dúdú bí ọ̀dà lára ògiri rẹ̀. Ọ̀dà náà ni ó ń gbiná ní ọjọ́ tí iná bá pọ̀ jù. Nítorí náà wọ́n a sọ páìpù irin gbọọrọ kan kalẹ̀ láti orí òrùlé sínú ọ̀nà àtijọ́ náà, èyí tí kò kéré ju ibi tí èéfín ti ń jáde lára ààrò irin, tí kò sì fẹ̀ jù ú lọ lọ́nà àṣejù. Òfin kan náà ni ó wà fún ilé ìdáná alámọ̀.

Ní Guatemala, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1976, a kọ́ àwọn ènìyàn láti fi amọ̀ àti yanrìn mọ ààrò ńlá kan tí ó ní ọ̀nà èéfín. Lorena ni a pè é, nítorí pé lodo ni amọ̀ ní èdè Sípéènì, arena sì ni yanrìn. A rò pé yóò dín igi kù gidigidi. Ṣùgbọ́n a rí i lẹ́yìn náà pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilé púpọ̀, nítorí amọ̀ náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń mu ooru kí ìkòkò tó rí nínú rẹ̀. Àwọn tí ń rò pé bí amọ̀ bá ti nípọn tó ni ooru yóò ti dúró tó, kí wọ́n rántí èyí. Eérú gbígbẹ ni ó ń dá ooru dúró, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín rẹ̀.

Ní ilẹ̀ kan náà, láti ọdún 2002 títí di 2004, a ṣe ìdánwò kan ní ilé 534 ní ìgbèríko orí òkè. A mọ ààrò ọlọ́nà-èéfín fún apá kan, apá kejì sì ń lo iná gbangba títí ìdánwò náà fi parí. Ìwé tí ó sọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Èéfín tí ń wọ inú àwọn ọmọ dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Òtútù àyà tí ó le koko sì dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka gbogbo òtútù àyà pọ̀, èyí tí ó le àti èyí tí kò le, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. Ó yẹ kí onílé mọ èyí pẹ̀lú. Ààrò ọlọ́nà-èéfín sàn ju ààrò mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn, kò sì mú kí fèrèsé di ohun tí a lè dí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń yin ààrò tuntun kì í sábà sọ. Èéfín ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ilé ìdáná. Àgbàdo tí a so kọ́ sókè ààrò fún irúgbìn ọdún tí ń bọ̀, èéfín ni ó ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Òun ni ó ń gbẹ ẹja lórí àjà, tí ó sì ń dín ikán kù nínú igi àti koríko òrùlé. Lọ́jọ́ tí a bá rán èéfín gba inú páìpù lọ, olùṣọ́ yìí ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí onílé kò bá ṣètò mìíràn, yóò dé ìgbà òjò kí ó tó mọ̀ pé irúgbìn òun ti di ìyẹ̀fun. Nítorí náà, kí a sá àgbàdo irúgbìn náà títí yóò fi gbẹ pátápátá, tí eyín bá fi lè fọ́ ọ pẹ̀lú ariwo. Kí a ṣẹ́ ẹ, kí a sì dà á sínú garawa tàbí agolo ńlá tí ó ní ìdérí líle, kí ó kún dé ẹnu, kí a sì dí i pinpin. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ kì yóò rí afẹ́fẹ́ mí. Kí a sì máa yẹ igi òrùlé wò fún ọ̀nà ikán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀nà èyíkéyìí tí a bá gbà, kí a má ṣe so àgbàdo, àpò tàbí apẹ̀rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ páìpù gbígbóná. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti to igi jọ fún iná.

Wàyí o, kí onílé dúró nídìí ààrò rẹ̀, kí ó sì gbé ojú sókè. Bí ohun tí ó rí lókè bá jẹ́ bẹẹrẹ, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé gbódógì, kí ó má ṣe gbé páìpù gba inú rẹ̀ kọjá, bí ó ti wù kí alágbẹ̀dẹ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó. Ẹta iná kan tí ó bọ́ sórí koríko nígbà ọyẹ́ tó láti jó agboolé. Kí ó yà ilé ìdáná sọ́tọ̀ kúrò lára ilé ibùgbé, kí ó sì fi páànù bò ó. Bí owó páànù kò bá tí ì sí, kí ó fi ààrò sílẹ̀ bí ó ti wà ná, kí ó ya ògiri ilé ìdáná náà sílẹ̀ ní ìhà méjì kí èéfín lè rí ọ̀nà lọ, kí ó sì máa sun igi gbígbẹ nìkan. Ìrànlọ́wọ́ kékeré kọ́ ni èyí. Ó sàn fún un láti dúró ní ọdún kan ju kí ó sá fún èéfín kí ó sì bá iná pàdé.

Bí òrùlé bá jẹ́ ti páànù, kí ó má ṣe rò pé ewu ti tán. Páànù kì í jó, ṣùgbọ́n igi tí a kàn án mọ́ ń jó. Páìpù irin tí èéfín ń gbà kọjá a máa gbóná gidigidi. Kí àyè tí ó wà láàárín rẹ̀ àti igi èyíkéyìí, ìbáà ṣe igi òrùlé, ìbáà ṣe pákó àjà tàbí férémù fèrèsé, má dín ní íńṣì 18. Òṣùwọ̀n tí a ń lò ní Amẹ́ríkà fún páìpù irin lásán nìyẹn, kò sì sí ìdí tí igi ilẹ̀ Yorùbá yóò fi fara da ooru ju ti wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a wò ó, wọn a ní ó ti pọ̀ jù: wọ́n fi ọwọ́ kan igi náà ní ọjọ́ kìíní, kò gbóná. Ṣùgbọ́n igi tí ooru ń yan lójoojúmọ́ kì í dúró bí ó ti wà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dúdú, tí ó ń gbẹ ju gbígbẹ lọ, títí yóò fi dàbí èédú láìsí ọwọ́ iná lára rẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ yóò sì gbiná nínú ooru tí kò lè ràn mọ́ igi tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe lè jó ní ọdún kẹta, nígbà tí gbogbo ará ilé ti sọ pé ààrò náà dára.

Bí igi òrùlé bá wà lójú ọ̀nà, kí káfíńtà gé e, kí ó sì fi igi mìíràn gbé e ró níhà méjèèjì, kí òrùlé má baà rọ̀. Ẹlòmíràn a máa kan páànù mọ́ ara igi náà, kí ó lè dáàbò bò ó. Asán ni èyí, nítorí irin a máa fi ooru ránṣẹ́ sí igi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí páànù ṣe àǹfààní, kí a fi ìṣó gígùn àti òrùka irin mú un jìnnà sí igi ní íńṣì kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láti ìsàlẹ̀ sókè. Ẹni tí ó bá ní bíríkì, tí ó sì rí bíríkìlà tí ó mọṣẹ́, lè mọ ọ̀nà èéfín bíríkì láti ilẹ̀ dé òkè. Òun ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ki orí igi òrùlé bọ inú bíríkì náà. Kí àyè íńṣì méjì wà láàárín wọn.

Níbi tí páìpù bá ti yọ sí ìta, kí ó ga ju òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán, kí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ju ohunkóhun tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i lọ. Páìpù kúkúrú kì í fa èéfín dáradára, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ kọjá lórí òrùlé a sì máa tì í padà wálé. Kí a fi fìlà páànù dé orí rẹ̀ nítorí òjò, kí àyè sì wà láàárín fìlà àti ẹnu páìpù. Kí a fi páànù tí a gé bí ọrùn ẹ̀wù yí i ká níbi tí ó ti la òrùlé kọjá. Kí a má ṣe fi ọ̀dà dí ibẹ̀, nítorí ọ̀dà ń jó. Nígbà tí a bá sì ń so páìpù mọ́ páìpù, kí ìdí ti òkè wọ inú ẹnu ti ìsàlẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é sódì a rí omi dúdú tí ń ṣàn lára páìpù wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Apá ìsàlẹ̀ tí ó sún mọ́ iná jù, kí ó jẹ́ irin lásán tàbí amọ̀ sísun. Kì í ṣe páànù tí a fi síǹkì bò, nítorí nínú ooru líle síǹkì a máa yọ èéfín tí ń ṣe àyà ní ibi.

Ààrò fúnra rẹ̀ kù. Kí a mọ ìdúró rẹ̀ ga tó orúnkún àgbàlagbà, kí ìyá má baà máa tẹ̀ kodoro, kí ọmọ tí ń rákò má sì rí ẹnu iná. Amọ̀ ògán dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí a lọ̀ ọ́, kí a pò ó mọ́ yanrìn, kí a mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìṣù tí ó tó ọsàn, kí a sì gbé e sí òjìji fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá sán, yanrìn rẹ̀ kéré; bí ó bá ń rún nígbà tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, amọ̀ rẹ̀ kéré.

Kí ẹnu ààrò jẹ́ íńṣì 5 ní ìbú àti íńṣì 5 ní gíga. Yóò dàbí ẹni pé ó ti kéré jù lójú ìyá tí ó ti mọ̀ ọ́n lára láti máa ti ìtì igi mẹ́ta bọ abẹ́ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹnu ńlá a máa gbé igi púpọ̀ àti afẹ́fẹ́ tútù púpọ̀ mì, èéfín a sì pọ̀ ju ohun tí páìpù lè gbé lọ. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún jẹ́ 25. Páìpù tí ó fẹ̀ ní íńṣì 6 láti etí dé etí ní àyè tí ó tó nǹkan bí 28. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí: kí àyè tí iná gbà wọlé àti èyí tí èéfín gbà jáde sún mọ́ ara wọn, kí ọ̀nà náà má sì há níbikíbi láàárín.

Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó rọrùn jù láti fi ṣe àwòṣe ihò náà. Kí a gé e sí méjì, kí a tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ láti ẹnu wọ inú, kí a gbé ekejì dúró lé ìdí rẹ̀ bí ìgúnpá tí a ká, kí a sì mọ ààrò yí wọn ká. Lẹ́yìn náà a lè fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìtí náà kúrò. Kí àpáàdì tàbí bíríkì tín-ínrín ṣe ògiri inú, kí ògiri amọ̀ wà lóde, kí a sì fi eérú gbígbẹ tí a jọ̀ kún àyè íńṣì mẹ́rin tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní ẹnu ààrò, kí a fi irin pẹrẹsẹ kan là á sí òkè àti ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni igi yóò sùn lé, abẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé lọ bá iná. Bí igi bá dí ọ̀nà abẹ́ yìí, èéfín ni yóò dáhùn.

Ìkòkò tí a ń lò lójoojúmọ́ ni kí a fi wọn ojú ààrò. Kí ó wọ inú ihò náà dé nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀, kí àyè ìlàjì íńṣì yí i ká nínú kí ọwọ́ iná lè máa lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí etí ihò lókè sì bá a mu déédéé kí èéfín má baà yọ níbẹ̀. Ihò tí èéfín yóò gbà bọ́ sínú páìpù, ẹ̀yìn ni kó wà, ní ìhà tí ó kọjú sí ẹnu ààrò, lókè. Ààrò tí a mọ fún ìkòkò kan kì í gba òmíràn; nítorí náà kí ọkọ má ṣe mọ ọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí iná tó wọ inú rẹ̀. Iná ìṣẹ́pẹ́ díẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ dá, fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ ìdánwò gan-an, kí a sun ewé gbígbẹ díẹ̀ ní ìdí páìpù láti mú un gbóná, kí a sì mú igi kan tí ń rú èéfín súnmọ́ ẹnu ààrò. Bí èéfín rẹ̀ bá yà wọ inú ààrò lọ, iṣẹ́ ti bọ́ sípò. Bí ó bá yọ sí ilé, kí a má ṣe sọ pé yóò dáa bí ó bá yá. Kí a pa iná, kí a wá ibi tí ọ̀nà gbé há. Lẹ́yìn wákàtí kan tí iná gidi ti ń jó, kí ẹnìkan fi àkàbà gòkè lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gbogbo igi tí ó yí páìpù ká. Igi tí ọwọ́ kò lè dúró lé lórí ti sún mọ́ ọn jù, iye íńṣì yòówù kí a ti wọ̀n.

Igi gbígbẹ ni oúnjẹ ààrò yìí: igi tí a là, tí ó sì ti wà lábẹ́ òrùlé fún oṣù mẹ́fà. Ayín dára. Orí igi nìkan ni kí ó máa jó, kí a sì máa tì í wọlé bí ó ti ń jó. Igi tútù a máa fi ọ̀dà sínú páìpù, nítorí náà ní oṣooṣù, nígbà tí ààrò bá tutù, kí a ṣí fìlà rẹ̀, kí a so òkúta mọ́ ìdí okùn, kí a so ìdì ọwọ̀ líle tàbí àpò ìdọ̀họ mọ́ òkè òkúta náà, kí a sì máa fà á sókè sódò títí inú páìpù yóò fi mọ́. Bí a bá gbọ́ lọ́jọ́ kan tí páìpù ń hó bí ìjì, tí ó sì ń pọ́n, ọ̀dà inú rẹ̀ ni ó gbiná. Kí gbogbo ènìyàn jáde nínú ilé. Bí ó bá ṣeé ṣe láìléwu, kí àgbàlagbà kan fi amọ̀ tútù tàbí yanrìn dí ẹnu ààrò, kí iná má rí afẹ́fẹ́. Kí ó má ṣe da omi sínú páìpù gbígbóná, nítorí oru rẹ̀ lè bó ènìyàn, ó sì lè fọ́ ààrò. Kí a má ṣe tún dáná níbẹ̀ títí a ó fi yẹ gbogbo igi òrùlé wò.

Afẹ́fẹ́ búburú kan tún wà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Kábọ́ònù mónóksáídì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yinná tí ó ń pọ́n láìrú èéfín a máa mú un jáde. Nítorí rẹ̀ ni kí a fi fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ ní ṣíṣí bí ààrò tilẹ̀ dára, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé ẹ̀yinná wọ yàrá sùn nítorí òtútù ọyẹ́. Orí fífọ́ àti òòyì tí ń kọ lu gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, àmì rẹ̀ ni. Kí wọ́n bọ́ síta kíákíá. Bí iná bá jó ọmọ, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe kẹrosíìnì. Èyí tí ó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí tí ó bá wà lójú tàbí lọ́wọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Eérú tí a kó jáde lè ní ẹ̀yinná nínú di ọjọ́ kejì. Inú garawa irin onídèérí ni kí ó wà, lórí ilẹ̀ lásán, jìnnà sí ògiri pákó àti sí igi ìdáná. Nígbà tí ó bá tutù tán, ó dára fún oko ẹ̀fọ́, àti fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ní ti òkúta mẹ́ta àtijọ́, kí a má ṣe sọ wọ́n nù. Ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ìyàwó tàbí ti ìkórè kò lè wọ ojú ààrò tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a fọ́ ààrò nítorí rẹ̀. Kí a kó òkúta náà lọ sí gbàgede, sí ibi tí koríko òrùlé kankan kò sí nítòsí, kí wọ́n wà níbẹ̀ de ọjọ́ àlejò.